Ìka Tí Chérifatou Kò Tẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí àwọn ará Idigny ka èèyàn burúkú tó wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Chérifatou. Kì í jà lójú omi. Kì í ṣòfófó. Gàrí rẹ̀ kì í ní iyanrìn, bí ẹ bá sì rà á, á bu ènì lé e kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi ní kí á sọ ìtàn òun fún ẹ̀yin òǹkàwé, kí á má fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn tó dá lójú pé àwọn ò lè ṣèkà ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ìyàwó kejì ni nílé Ràmọ́nù, ẹni tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ kajú kan ní Kétou. Yéjídé ni ìyálé. Òun ló kọ́ Chérifatou bí wọ́n ṣe ń yan gàrí tí kò ní jóná. Bí ìyàwó bá da ọbẹ̀ nù, ìyálé ló ń gba ẹ̀bi. Gbogbo agbo ilé ń pe Yéjídé ní Ìyá Aboubakar, orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Chérifatou nìkan ló ń pè é ní Ìyá mi, kò sì fi ṣe ojú ayé.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Ràmọ́nù ra asiráǹsì ìlera tó ń san owó ìwòsàn fún àwọn òṣìṣẹ́, ìyàwó kan ṣoṣo ni òfin gbà kí ọkùnrin mú wá. Orúkọ Yéjídé ló kọ́kọ́ wọlé. Àmọ́ oyún Chérifatou wá di wàhálà, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbẹ̀bí rẹ̀. Yéjídé ò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun. Ó gun ẹ̀yìn zẹ́mì, alùpùpù akérò, lọ sí biró, ìyẹn ọ́fíìsì asiráǹsì ní Kétou, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀, ó yọ ara rẹ̀ kúrò, ó ní kí wọ́n fi ìyàwó òun rọ́pò.

"Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?" ló wí nígbà tó dé. "Ikùn tèmi ti parí iṣẹ́. Tìrẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀."

Orí ló bá wọn ṣe é tó fi jẹ́ oṣù kìn-ín-ní ọdún, torí oṣù yẹn nìkan ni wọ́n ń gba ìpààrọ̀. Ẹni tó ń kúrò gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, ọkọ ò lè bá a ṣe é. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin kan ti ń yọ ìyàwó wọn lẹ́yìn rẹ̀, ni ìjọba bá ṣòfin náà láti fi gbèjà obìnrin. Ẹ fọkàn sí òfin yìí o. Òun ni Chérifatou fi ṣèkà sí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó bímọ láyọ̀, wọ́n sọ ọmọ ní Fẹ́milọ́lá. Asiráǹsì san gbogbo rẹ̀.

Ọmọ náà ti ń sáré kiri àgbàlá kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Yéjídé. Orí fífọ́ lásán ni wọ́n pè é. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, tó ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn níbi tí kò sí. Ó ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ kan, ẹ kú ìyà o," ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi, méjì ni mò ń rí."

Dókítà Crépin ní Kétou ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó tan iná sí i lójú, ó ní kó tẹ̀lé ìka òun, ó wá yíjú sí Ràmọ́nù.

"Bàbá, ojú lásán ò lè rí inú orí. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé wọn lọ sídìí sikánẹ̀ ní Àjàṣẹ́, kí ẹ̀rọ náà ya àwòrán ohun tó wà nínú ibẹ̀. Ó jọ pé nǹkan kan ń tẹ ojú wọn láti ẹ̀yìn."

"Ṣé asiráǹsì á san án, Dókítà?"

"Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń sá fún sikánẹ̀ torí ó wọ́n. Òfin tuntun ti mú wọn báyìí. Bí mo bá ti kọ ọ́, dandan ni kí wọ́n san án. Ṣé orúkọ Ìyá wà níbẹ̀?"

Ràmọ́nù yọ fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Á wà níbẹ̀," ó dáhùn. "Oṣù kìn-ín-ní ti dé tán."

Bí Chérifatou ṣe gbọ́, ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ mọ́ kedere. Ó ní òun á lọ. Kí ló tún kù? Ẹni tó bọ́ aṣọ lọ́rùn fún òun ni òtútù ń mú, kí òun bọ́ ọ padà fún un.

Ibi tó ti lọ dirun lọ̀rọ̀ ti dàrú. Flora, onídìrí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, di irun rẹ̀ mú lọ́wọ́ bí ẹni fẹ́ fà á tu.

"O fẹ́ ṣe kí ni?"

"Mo fẹ́ lọ yọ orúkọ mi. Ara Ìyá mi ò yá."

"Ìyá ẹ wo? Orogún ẹ? Ìwọ, ṣé o mọ ohun tí ọwọ́ ẹ ń ṣe báyìí? Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú ní Kpankou, ta ni ilé iṣẹ́ pè? Ìyàwó tí fọ́tò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ asiráǹsì. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún lẹ́nu géètì, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n."

"Bàbá Aboubakar ò ní kú."

"Mo ní á kú ni? Mo kàn ní ẹni tí ìjọba mọ̀ ni ìyàwó. Ìyálé ẹ ní ọmọ tó ti dàgbà mẹ́ta. Ìwọ ńkọ́? Fẹ́milọ́lá tí ò tíì lè so bàtà?"

Chérifatou ní kó jẹ́ kí àwọn sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọ etí rẹ̀, ó ti jókòó síbẹ̀. Kí á sì má purọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Flora nìkan. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Madame Ràmọ́nù ní ilé ìwòsàn dùn mọ́ ọn. Nínú agbo ilé, ìyàwó kékeré ni. Ní Kétou, òun nìkan ni ìyàwó. Adùn kékeré yẹn, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Flora.

Bàbá Sàká, ẹ̀gbọ́n Ràmọ́nù tó jẹ́ olórí agbo ilé, pè wọ́n jọ. Ó bi Chérifatou léèrè lójú gbogbo wọn bóyá ó gbà látọkàn wá.

Ó kúnlẹ̀. "Mo gbà, Bàbá. Ta ni mo fẹ́ ṣe é fún bí mi ò bá ṣe é fún Ìyá mi?"

Gbogbo wọn ṣàmín. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ló fi ìdajì ọkàn rẹ̀ sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọyẹ́ mú, eruku pupa bo igi. Chérifatou gun zẹ́mì láti Idigny dé ẹnu biró gan-an. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó ń dúró. Ó gbọ́ tí wọ́n ń pe àwọn obìnrin wọlé, Madame lágbájá, Madame tàmẹ̀dò. Nígbà tó ku ẹnì kan ṣáájú rẹ̀, ó dìde bí ẹni fẹ́ lọ tọ̀. Kò padà wọlé mọ́. Ó rìn gba inú ọjà, ó ra ata, ó ra ọṣẹ, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀la ṣì wà.

Ó bá Yéjídé lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bo oúnjẹ dè é.

"Ìyàwó mi, o kú eruku. Ṣé o bá wọn?"

"Mo bá wọn, Ìyá mi."

"Ṣé o tẹ̀ ẹ́?"

Ó yẹ kó sọ pé ìlà gùn. Ó yẹ kó sọ pé wọ́n ní kí òun padà wá. Irọ́ wẹ́wẹ́ pọ̀ tí ì bá pa, tí ì bá tún rí ọ̀nà jáde nínú rẹ̀.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́," ló wí.

Yéjídé mú ọwọ́ náà, ó gbé e lé iwájú orí ara rẹ̀. "Ọwọ́ yìí ò ní rí àìsàn. Ọwọ́ yìí ò ní tọrọ jẹ. Àwọn ọmọ ẹ á tọ́jú ẹ bí o ṣe tọ́jú mi."

Chérifatou ṣe àmín.

Oṣù náà ò tíì parí o. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun á lọ, lójoojúmọ́ ni nǹkan ń dí i lọ́wọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń fọ aṣọ Yéjídé, ó ń ra oògùn orí fífọ́ fún un, ó ń gbé àga tẹ̀lé e bó bá fẹ́ jókòó. Àwọn ará ilé ń yìn ín, wọ́n ní irú orogún yìí ṣọ̀wọ́n. Ó ń gba ìyìn náà bí ẹni ń gba ẹrù tí kò ṣe tiẹ̀.

"Èéfín gàrí ló ń fọ́ wọn lórí," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Bí òjò bá rọ̀, á lọ."

Oṣù kìn-ín-ní sì parí. Ilẹ̀kùn ìpààrọ̀ tì.

Ràmọ́nù wà lójú ọ̀nà púpọ̀ nígbà yẹn, ó ń kó kajú lọ sí èbúté. Ó gba ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ gbọ́, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Nígbà tó rí àyè gbà níbi iṣẹ́, ó ní ó yá, àwọn ń lọ sí Àjàṣẹ́. Ọkàn Chérifatou ti fẹ́ balẹ̀ pé ilé ni òun á wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá tú. Yéjídé ò gbà.

"Ìyàwó mi ló máa di ọwọ́ mi mú," ó ní. "Ẹ̀rù ẹ̀rọ ń bà mí. Bó bá wà níbẹ̀, n ò ní sá."

Báyìí ni wọ́n ṣe jókòó pọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, orí Yéjídé lórí èjìká rẹ̀. Wọ́n kọjá Pobè. Ó ní bí àwọn bá dé Sakété, òun á sọ ọ́. Wọ́n kọjá Sakété. Bó bá fẹ́ la ẹnu, Yéjídé á mí kanlẹ̀ lójú oorun, òun náà á pa ẹnu dé.

Ní ilé ìwòsàn tó wà ní Àjàṣẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Prudence ló jókòó sídìí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ìka wò. Ó kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìyá, ẹ gbé àtàǹpàkò yín lé gíláàsì yìí."

Yéjídé gbé e lé e. Iná pupa tàn.

"Ẹ tún un ṣe."

Pupa.

Prudence na ọwọ́, ó di ìka náà mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Ìyá?"

"Gàrí ni mò ń yan, ọmọ mi. Láti kékeré."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Iná agbada ti jẹ ojú ìka yín. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún àwọn tó ń yan gàrí. Ẹ fi nǹkan ọ̀rá díẹ̀ pa á, ká tún wò ó."

Ojú ti Yéjídé. Ó yíjú sí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀, kò tiẹ̀ rí wọn dáadáa, ó ń bẹ̀ wọ́n. "Ẹ má bínú o. Ìka mi ló bàjẹ́. Ẹ forí jì mí, mò ń dá yín dúró." Ó wá na ọwọ́ sí Chérifatou. "Ìyàwó mi, òrí wà nínú báàgì. Bá mi fi pa á."

Chérifatou kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé ìwòsàn, ó ń fi òrí pa ìka náà. Ó ń pa á, ó ń fọwọ́ ra á, ó sì mọ̀ pé bó bá pa á títí oòrùn fi wọ̀, ẹ̀rọ náà ò ní dá a mọ̀. Ó ní bí òun bá sọ̀rọ̀ níbi tí òun kúnlẹ̀ sí yẹn, ì bá ṣì sàn díẹ̀ fún òun. Ó la ẹnu.

"Ẹ mú ti òsì náà wá, kí n pa á pọ̀," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Pupa náà ni.

Prudence wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó kà á, ó tún un kà. "Ìyá, ìka yín ò lẹ́bi. Ẹlòmíì ló wà níbí. Ta ni Chérifatou?"

"Ìyàwó mi kejì ni," Ràmọ́nù dáhùn. "Ó ti kúrò látoṣù kìn-ín-ní. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀rọ yín ni ò tíì gbọ́."

"Ẹ̀rọ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ṣé àwọn nìyí? Ẹ wá tẹ tiyín, ká mọ̀."

"Òrí wà lọ́wọ́ mi," Chérifatou ní.

"Kò burú. Ẹ wá."

Ó fi àtàǹpàkò kan gíláàsì náà. Kò tiẹ̀ tíì tẹ̀ ẹ́ tán tí iná fi tàn, àwọ̀ ewé tútù báyìí. Fọ́tò rẹ̀ yọ gàdàgbà, pẹ̀lú gèlè tó we lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ràmọ́nù ò pariwo. Ká ní ó pariwo, ì bá sàn. "Ìyá Fẹ́mi," ó ní, "ìwọ lo ní o ti tẹ̀ ẹ́."

Ọkùnrin kan lórí ìlà dá sí i. "Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Kí ìyàwó tẹ ìka, kí ìyá wọ inú ẹ̀rọ. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀," Prudence dáhùn. "Àwòrán orí ìyá á máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, orí ta ni wọ́n máa là? Òfin ò gbà á, èmi náà ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́."

Nígbà tí Yéjídé máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù.

"Ìyàwó mi, ṣé ara ẹ ni ò yá lọ́jọ́ yẹn? Àbí wọ́n ti ti biró kó o tó dé?"

Ẹ wo obìnrin yìí. Wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ tán, òun ló ń bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ wá àwáwí.

"Wọn ò tì í, Ìyá mi," Chérifatou dáhùn. Irọ́ ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Mo dé ẹnu ọ̀nà."

"Kí ló wá dé?"

"Mo padà."

Yéjídé mi orí. Chérifatou na apá sí i kó lè dì í mú jáde. Kò dì í mú. Ó fi ọwọ́ kan ògiri, ó ń tọ ògiri náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ìta.

Ràmọ́nù bẹ ilé iṣẹ́, ó bẹ asiráǹsì. Gbogbo wọn káàánú rẹ̀, gbogbo wọn ní kó dúró de ọdún tuntun. Bí wọ́n bá ní àwọn fúnra wọn á san owó sikánẹ̀, kò sí lọ́wọ́. Ó ta alùpùpù rẹ̀. Wọ́n ta àwọn ewúrẹ́ Yéjídé, àgbàdo tó wà láká tẹ̀lé e. Chérifatou ta gbogbo aṣọ tó ní, kò sí ẹni tó kí i kú iṣẹ́. Òjò ti ń rọ̀ kí wọ́n tó padà dé Àjàṣẹ́, ohun tí ẹ̀rọ rí nínú orí Yéjídé sì ti tóbi.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Kútọnu, pẹ̀lú owó tí Aboubakar àti àwọn àbúrò rẹ̀ tọrọ kiri. Ẹ̀mí ò bọ́. Ojú méjèèjì lọ.

Dókítà Crépin ò mọ ìtàn ilé wọn. Ó kàn ń bá Ràmọ́nù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni. "Ká ní wọ́n ti ya àwòrán yìí nígbà ọyẹ́, Bàbá, ojú ì bá má fọ́." Chérifatou wà níbẹ̀, ó gbé àwo dání, ó gbọ́.

Bàbá Sàká ní kó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Okpomèta. Ó ti ń kó o lóòótọ́, kò bẹ ẹnikẹ́ni, kí Yéjídé tó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé òun wá síta.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Ọmọ á tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ, ilé á tú. Mo ti dárí jì í."

Bó bá sọ pé òun dárí ji èèyàn, ó dárí jì í ni. Kò fi í bú u rí. Nígbà tí oṣù kìn-ín-ní padà dé, Chérifatou wà lẹ́nu biró náà kí wọ́n tó ṣí i, ó tẹ ìka rẹ̀, orúkọ Yéjídé wọlé. Akọ̀wé bi í léèrè bóyá ẹnì kan fipá mú un. Ó ní rárá. Ó padà wá sọ fún Yéjídé, Yéjídé ní, "O ṣeun, ìyàwó mi." Ní ìrọ̀lẹ́, Yéjídé rán Aboubakar lọ bi wọ́n ní biró bóyá òótọ́ ni.

A bi Chérifatou pé ìmọ̀ràn wo ló fẹ́ gba ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ní òun ò ní ìmọ̀ràn kankan, kí á kàn sọ fún yín bí àwọn ṣe ń jẹun.

Òun ló ń se oúnjẹ Yéjídé. Bó bá se ẹja, ó máa ń jókòó tì í, ó máa ń tú u, ó máa ń yọ gbogbo egungun rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi máa yún un. Á wá gbé e síwájú rẹ̀.

"Mo ti yọ egungun rẹ̀ tán, Ìyá mi."

"O ṣeun, ìyàwó mi."

Bí Fẹ́milọ́lá bá gbé oúnjẹ fún un, tó ní kò sí egungun, ńṣe ni Yéjídé ń bù ú sẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ Chérifatou, á kọ́kọ́ na ọwọ́ sínú abọ́, á máa rún ẹja náà sí wẹ́wẹ́, á máa tẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìka méjì, díẹ̀díẹ̀, kò bínú. Chérifatou á jókòó síbẹ̀, á máa wò ó.

Kò rí egungun kankan níbẹ̀ rí. Síbẹ̀, ó ń wá a.